Ọjọ́ tí Abọ́ Tùràrí Gbiná

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ọ̀nà Tóóró Ẹ̀yìn Ọjà Ẹja,
Hải Phòng.
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Nhàn ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà lọ́hùn-ún? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé wa? Mo gbọ́ pé òjò ò dá ní Bình Dương láti ìjẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú yín. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn ńkọ́, ṣé wọn ò tún ti fi wákàtí kún un? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ilé tó bá yín lójijì. Àwa náà ń mí, a dúpẹ́.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, àbúrò yín, Toản ọkọ mi, ti jókòó fúnra rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ yìí. Ó mu ẹ̀kọ ìrẹsì abọ́ kan gbáko. Dókítà ní èéfín tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń dínkù, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kó kúrò lọ́sibítù kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ohùn rẹ̀ ló ṣì há bíi ti àkùkọ tó kọ jù. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè yín, tí mo ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá pè yín, ẹ ó figbe ta, èmi náà á bú sẹ́kún, ọ̀rọ̀ á sì kú sí wa lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè sọ ọ́ tí ẹnì kan bá ń já lù mí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo fi rán, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí kó fi búra pé kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́tà á ti dé ọwọ́ yín. Mo fẹ́ kí ẹ kà á kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ̀gbọ́n Thuyên ti sọ fún gbogbo wa pé lọ́jọ́ Àìkú yìí, àwọn àti ẹ̀yin máa jókòó ti Toản ní ọsibítù, ẹ̀yin ọmọ Màmá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ti lọ wo yàrá. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún àwọn tó ń gbébẹ̀ kó ẹrù sí. Ẹ̀yin náà sọ ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, mo gbọ́ ọ, torí èmi ni mo di fóònù mú sí etí Toản. Ẹ ní, “Ìyá tó fẹ́ dáná sun ọmọ ara rẹ̀, ibo la tún fẹ́ gbé e sí tí ọkàn wa á balẹ̀?” Mi ò bá yín wí o. Bó bá jẹ́ èmi ni, n bá ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí ẹ ò mọ̀, tí ọlọ́pàá ò mọ̀, tí Toản gan-an ò mọ̀ àfi láàárọ̀ àná. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fìbínú fà á ya.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti wálé gbẹ̀yìn. Nígbà yẹn, a ṣì lè gba àtẹ̀gùn gòkè ní ẹni méjì-méjì. Nígbà tó fi máa di ọdún yìí, ẹ̀gbẹ́ kan lèèyàn fi ń gùn ún bí alákàn. Ìwé ìròyìn wà lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, Màmá ti fi okùn dì wọ́n ní ìdì-ìdì títí dé àjà. Ọ̀rá tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n ká bí ẹní ká aṣọ àgbà, kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Fáànù mẹ́rin tí kò yí mọ́. Fìlásìkì mẹ́rìnlá, Ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á, mẹ́rìnlá! Òróró tí a ti fi dín nǹkan rí, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n tò ó sí abẹ́ pẹpẹ àwọn baba ńlá nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ààyè kù. Eku ń ṣe ìgbéyàwó nínú ilé wa lójú wa kòrókòró. Òórùn ilé ọ̀hún sì ti kọjá ohun tí a lè fi ìyàn bò. Àwọn tó bá wá kí wa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń rántí pé àwọn fi nǹkan sórí iná nílé.

Ìyàwó Ọ̀gá Lượng, wẹ́dà ajórin tí ilé wọn dojú kọ tiwa yẹn, kì í fẹnu sílẹ̀. Nígbà kan, wọ́n dúró sí àárín ọ̀nà, wọ́n pariwo pé, “Màmá Toản, ṣé ọjà lẹ fẹ́ ṣí ni, àbí eku lẹ fẹ́ máa sìn?” Màmá yọrí lójú fèrèsé. Wọ́n ní, “Máa rẹ́rìn-ín! Lọ́jọ́ tí ebi bá tún dé, ilé mi lo máa ti wá tọrọ ọ̀rá tí wàá fi gba ìrẹsì!” Gbogbo ọ̀nà rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń fi ti bíríkì nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, nígbà tí ìjọba ń wọn ìrẹsì fún ará ìlú, tí wọ́n á gbé bíríkì sórí ìlà láti fi gba ààyè de ìrẹsì, tí ẹ̀yin á wá jókòó tì í kí ẹnikẹ́ni má baà tì í sẹ́yìn. Ẹni tó fi bíríkì gba ipò rí, kì í rí bíríkì kó jù ú nù.

Mo sọ̀rọ̀ títí. Toản sọ̀rọ̀ títí, ó tilẹ̀ jágbe nígbà kan, Màmá ò sì jẹun fún ọjọ́ méjì. Láti ìgbà yẹn, kálukú wa gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ibi tí àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lóṣù kẹsàn-án, gbohùngbohùn wọ́ọ̀dù ń pariwo ní àràárọ̀ pé kí olúkúlùkù gé ilẹ̀kùn sára àgò irin tó bo bákónì níwájú ilé rẹ̀, kí ọ̀nà àbáyọ lè wà bí iná bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Lượng kan náà tó jó gbogbo àgò irin wọ̀nyí mọ́ ilé wa nítorí olè, òun náà ló tún ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tó ń gé wọn. Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Toản fi àgádágodo sí i, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ribọ́n pupa kan sí igi orí bẹ́ẹ̀dì wa lókè pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màmá rí i pé bákónì wa ṣófo. Ojú wọn ò gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpótí fóòmù tí àwọn ẹlẹ́ja ń jù nù, wọ́n ní wọ́n máa gbin ewébẹ̀ sínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gbé e gòkè. Ta ni ẹ rò pé ó bá wọn gbé e? Ọwọ́ mi yìí náà ni. Méjìlá ni mo gbé. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn ibi tí mo ń tò wọ́n sí. Mo ní kí n má fa ìjà, pé Toản á kó wọn kúrò lọ́jọ́ tí kò bá lọ síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan abọ́ tùràrí orí pẹpẹ. Ẹ mọ̀ pé ní gbogbo ilé, nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, a máa ń fa àwọn igi tùràrí tó ti jó tán jáde, a óò fi díẹ̀ sílẹ̀, a óò sì sun ìyókù. Màmá ò jẹ́ kí a fà á fún ọdún mẹ́ta gbáko. Wọ́n ní àdúrà ló wà lára igi kọ̀ọ̀kan, ta ló ń ju àdúrà nù? Igi ọ̀hún wá kún inú abọ́, ó fún pinpin bí ìgbálẹ̀. Ìgbà tí a bá ń tẹ tuntun bọ̀ ọ́, a máa ń wá ààyè ni.

Àìkú tó kọjá, òṣùpá pé, ọjọ́ tí a máa ń gbé oúnjẹ fún àwọn baba ńlá. Toản dé láti èbúté ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó wẹ̀, ó gòkè, ó fi òwú dí etí bó ṣe máa ń ṣe nítorí ariwo ọjà, ó sùn. Èmi lọ sọ́jà, mo ra òdòdó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo padà, mo se adìẹ. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá nígbà tí mo gbé adìẹ gòkè lọ síbi pẹpẹ, nínú yàrá Màmá. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ ẹkún. Mo sáré wọlé.

Abọ́ tùràrí ń jó. Kì í ṣe igi kan tàbí méjì, gbogbo inú rẹ̀ ló ń jó, iná rẹ̀ ga tó apá mi. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, omijé ń ṣàn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn.

“Thắm! Wá, wá, tètè kúnlẹ̀! Wọ́n ti dé! Bàbá ọkọ rẹ ti dé!”

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a gbà gbọ́. Bí abọ́ tùràrí bá gbiná fúnra rẹ̀, àwọn tó ti lọ ló wá kí wa, oore ló ń bọ̀. Ẹ rántí pé ọdún tí ti ilé ìyá mi gbiná ni ẹ̀gbọ́n mi ríṣẹ́ sí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí di òní.

“Ọmọ ni!” Màmá ní. “Wọ́n ti gbọ́ ẹkún rẹ. Ọdún mẹ́fà! Má wulẹ̀ dúró, tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn!”

Ibi tó ń jẹ mí lára nìyí. Báàkẹ́ẹ̀tì omi tí mo fi fọ ìkòkò òdòdó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Omi wà nínú ẹ̀. Mo rí i. Mo rí ìwé ìròyìn tó wà lápá ọ̀tún pẹpẹ, mo rí òdòdó ọ̀rá tó rọ̀ lókè abọ́ náà tó ti ń kákò. Ojú mi là, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè parọ́ fún yín. Mo gbé adìẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí wọ́n fún mi lọ́mọ. Mo forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ì báà ṣe obìnrin. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo ń ṣe lọ́wọ́ tí òdòdó ọ̀rá já bọ́ tòun tiná, tó balẹ̀ sórí ìdì ìwé ìròyìn.

Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ti rò ó, mo ti rò ó títí, bóyá ìṣẹ́jú kan ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí mo bá ti da omi yẹn nígbà tí mo wọlé, eérú lásán la ò bá máa gbá.

Mo fò dìde, mo gbá báàkẹ́ẹ̀tì mú. Màmá di ọwọ́ mi. “Ta ló ń da omi sórí àwọn baba ọkọ rẹ̀?” Mo já ara mi gbà, mo da omi náà gbàà. Àwọn ìgò òróró abẹ́ pẹpẹ ti ń bẹ́, omi bọ́ sórí òróró tó ń jó, háà! Iná fò mọ́ àjà! Ìgbà yẹn ni ojú Màmá yí padà. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n sì lọgun orúkọ ọmọ wọn.

Mo sáré sí àtẹ̀gùn tó lọ sókè. Mo ń pe Toản, mo ń pè é, òwú ṣì wà létí rẹ̀. Ìdì ìwé ìròyìn dí mi lọ́nà, mo fa ọ̀kan kí n lè kọjá, gbogbo ìdì tó wà lókè rẹ̀ ya lù mí, ó dí àtẹ̀gùn pátápátá láti ilẹ̀ dé àjà. Èéfín dúdú ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo fi èékánná já okùn, mo ń ju ìwé sẹ́yìn, kò lọ síbì kankan. Màmá tì mí. “Bọ́ sóde! Pe àwọn ènìyàn!” Ohùn wọn ò jọ ti ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Mo sáré lọ.

Ní ìta ni mo ti rí i. Toản ti jí, ó ti dé bákónì, ribọ́n pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́, kò lè dé ibi ilẹ̀kùn. Àwọn àpótí fóòmù tí mo tò, ó ń gbé wọn, ibo ló fẹ́ jù wọ́n sí? Wọn ò lè gba ojú irin jáde. Ó ń tì wọ́n sọ́tùn-ún, wọ́n ń padà wá láti òsì, èéfín ń jáde ní fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́ jáde láàárín irin, ó ń wúkọ́, kò lè pe orúkọ mi. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń na ọwọ́ sókè bí òmùgọ̀, bí ẹni pé ọwọ́ mi lè dé òkè kejì.

Ọ̀gá Lượng ló sáré gbé àkàbà, wọ́n fa wáyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin láti ṣọ́ọ̀bù wọn sọdá ọ̀nà. Ìyàwó wọn di ìdí àkàbà mú. Ìpẹ́pẹ́ iná ń ta láti ara irin, Ọ̀gá Lượng ń gé e, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bú ara wọn. “Kí ló dé tí mo jó o le tó báyìí? Ọ̀pá ńlá-ńlá! Ta ló ní kí n fi ọ̀pá ńlá-ńlá ṣe é?” Ọ̀pá márùn-ún ni wọ́n gé. Nígbà tó di ọ̀pá kẹta, ọwọ́ Toản ti wọlé, a ò rí i mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ń pariwo. Ìyàwó Ọ̀gá Lượng sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé “Mo ti rí i, mo ti rí i” ni mo ń sọ, wọ́n rò pé ọkọ mi ni mo sọ pé mo rí. Ọ̀gá Lượng wọnú ihò náà ní ìdajì ara, wọ́n wọ́ ọ jáde ní ẹsẹ̀, bí ẹni wọ́ àpò ìrẹsì. Ọkọ̀ panápaná ò lè wọ ọ̀nà wa, ẹ mọ bó ṣe tóóró tó. Ìgbà tí wọ́n fa rọ́bà omi dé, Toản ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, ó ń mí bí ẹja.

A wá Màmá, a ò rí wọn. Àwọn panápaná ló lọ mú wọn jáde, ní tipátipá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá wọn tí wọ́n ń ṣe. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n wà nínú èéfín, wọ́n ń fa ìdì ìwé tó ti gbiná pẹ̀lú ọwọ́ lásán, wọ́n ń jù wọ́n sísàlẹ̀, wọ́n ń pe ọmọ wọn. Màmá, tí wọn kì í jẹ́ kí a ju ìdérí ìgò nù! Gbogbo ọ̀rá, gbogbo fìlásìkì, gbogbo aṣọ Bàbá, ohunkóhun tó dí ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti jù sísàlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì bó. Ẹ̀gbọ́n Thuyên ò sọ ìyẹn fún yín, torí wọn ò bi ẹnikẹ́ni bí ọwọ́ yẹn ṣe bó. Wọ́n kàn rò pé ibi pẹpẹ ló ti jó wọn.

Ọlọ́pàá kan dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ní, “Ta ló wà nílé nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀?”

Màmá ò wo ojú mi. “Èmi nìkan, àti ọmọ mi tó ń sùn. Aya ọmọ mi lọ sọ́jà. Ìgbà tó dé, iná ti kọjá agbára.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pa á?”

“Mo rò pé oore ni.”

Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn mi orí, ẹnì kan tilẹ̀ pòṣé. Ẹsẹ̀ mi ṣì tutù fún omi tí mo dà. Mo lanu. Mo pa á dé.

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin báyìí tí mo ń gbé e kiri. Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Èmi ò lè sáré tó ọ̀sẹ̀ kan. Ilé Ọ̀gá Lượng ni Màmá wà, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ wọn bí ọwọ́ akànṣẹ́, ìyàwó Ọ̀gá Lượng ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó ku àwa méjì, mo jókòó tì wọ́n.

Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ purọ́ fún ọlọ́pàá?”

Wọ́n ní, “Irọ́ wo? Ṣé o ò lọ sọ́jà ni?”

“Màmá.”

Wọ́n ní, “Èmi ni mo ní kí o kúnlẹ̀.”

“Ẹ ò tẹ̀ mí lórí ba. Èmi ni mo kúnlẹ̀.”

“Gbọ́ mi, ìwọ ọmọ yìí.” Wọ́n gbé ọwọ́ tí wọ́n wé náà lé orúnkún mi. “Obìnrin tí kò tíì bímọ, tí wọ́n bá gbọ́ pé ó wo iná títí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, ṣé o rò pé wọ́n á jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú ilé yẹn? Èmi ni mo bí Nhàn, mo mọ inú rẹ̀. Kò ní dárí jì ọ́. Èmi, ìyá rẹ̀ ni mí, bó bá bínú títí, á rọlẹ̀. Pa ẹnu rẹ mọ́, jẹ́ kí n lọ jókòó síbi tí wọ́n bá ní kí n jókòó sí.”

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á dùn yín. Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn ni mo ṣe kọ ọ́.

Mo lọ sọ fún Toản láàárọ̀ àná. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí báàkẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo, pẹ̀lú ohùn tó há yẹn. “Nígbà tí o kúnlẹ̀, ṣé o rántí pé mo wà lókè?” Mo ní rárá. Ó kọjú sí ògiri. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, àfi tó bá fẹ́ omi. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Mi ò sọ pé Màmá ò jẹ̀bi o. Ẹrù yẹn jẹ̀bi, kò sí awuyewuye níbẹ̀. Bí kò bá sí ìwé lórí àtẹ̀gùn, tí kò bá sí òróró lábẹ́ pẹpẹ, iná abọ́ kan ì bá ti kú fúnra rẹ̀. Lánàá, mo lọ kó èyí tó kù nísàlẹ̀ ilé. Màmá tẹ̀ lé mi, wọ́n jókòó sórí àpótí níta, wọ́n ń fi àgbọ̀n júwe. “Jù ú nù. Ìyẹn náà, jù ú nù.” Ní ẹ̀ẹ̀kan, mo gbé ìkòkò kan tó sán létí. Wọ́n ní, “Ìyẹn...” wọn ò parí rẹ̀. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ń bá a lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́ta la kó kó tó di ìrọ̀lẹ́. Tí ẹni kan bá dúró tì wọ́n tí kò jágbe, wọ́n lè jù ú nù. A ò gbìyànjú ìyẹn rí, gbogbo wa.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú, èmi náà máa wà níbẹ̀, mo máa sọ ọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n Thuyên. Mi ò fẹ́ kó bá yín lójijì ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Bí ẹ bá ní ẹni tó wo iná tí kò pa á kò gbọdọ̀ gbé inú ilé yẹn mọ́, mi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí Ẹ̀gbọ́n Thuyên wá bẹ́ẹ̀dì méjì. Ọwọ́ Màmá ò lè di ṣíbí mú títí dìgbà tí ọdún tuntun bá fi máa wọlé, èmi ni mo máa máa bọ́ wọn lóúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi dì mọ́ àwọn ọmọ. Ìyàwó Ọ̀gá Lượng ní kí n kí yín, wọ́n ní tí ẹ bá dé, ilé àwọn ni kí ẹ sùn sí. Màmá ò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé, wọn ò sì rán mi níṣẹ́ kankan. Kìkì pé wọ́n béèrè lówùúrọ̀ yìí bóyá òtútù ti ń mú ní ọ̀dọ̀ yín.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tiyín títí di ọjọ́ Àìkú, bí ẹ bá sì gbà bẹ́ẹ̀, títí lẹ́yìn rẹ̀,

Thắm, aya Toản.